Ẹsẹ̀ Inú Ẹrẹ̀ àti Ọta Méjì Ọdẹ́níran

Àwọn àgbà máa ń pa òwe kan pé: "Ẹsẹ̀ inú ẹrẹ̀ tóbi ju ẹran lọ." Bóyá ìyá yín ló pa á fún yín lọ́jọ́ tí ẹ sáré wọlé, tí ẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ẹ ní ẹ rí nǹkan. Ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí òwe náà ti ṣẹ̀ wá? Ǹjẹ́ ẹ mọ ẹran náà, ẹ sì mọ ẹni tó wọn ẹsẹ̀ rẹ̀? Mo tún fẹ́ bi yín léèrè kan sí i: ṣé ẹ mọ̀ pé òwe náà kò pin síbẹ̀? Ìdajì rẹ̀ là ń pa. Ìdajì kejì ti já bọ́ sójú ọ̀nà, mo sì fẹ́ rọra bá yín ṣà á.

Mo ní kí n rọra, nítorí ọ̀rọ̀ ìbọn ni. Ọ̀rọ̀ ìbọn kì í ṣe ohun tí à ń sáré sọ. Bí èmi bá rí ìbọn tó fara ti ògiri, ẹ̀gbẹ́ ògiri kejì ni mo máa ń gbà kọjá, kódà bí wọ́n bá sọ fún mi pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ta ló wo inú rẹ̀? Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé mo dúró díẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀, ẹ fara dà á fún mi. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí náà máa ń dúró. Òun ni mo fẹ́ yìn.

Ọdẹ́níran ni orúkọ rẹ̀. Abúlé Ìdí-Apá ló ń gbé, láyé àwọn bàbá bàbá wa. Odò kan là á láàárín òun àti oko rẹ̀: ilé wà níhìn-ín, oko wà lọ́hùn-ún. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jẹun ní Ìdí-Apá, ó ní láti la odò yẹn kọjá.

Ìbọn kan ṣoṣo ló wà ní abúlé náà, ìbọn ṣakabùlà tó gùn gbọọrọ. Ọwọ́ Ọdẹ́níran ló wà. Ó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ogún náà kò dùn. Ẹfọ̀n ló pa bàbá rẹ̀. Ọkùnrin yẹn kó ọta wẹ́wẹ́ sínú ìbọn láti ilé, èyí tí wọ́n fi ń pa ọ̀yà. Ó ń wá ọ̀yà rẹ̀ lọ jẹ́jẹ́, ni ẹfọ̀n bá yọ sí i láti inú igbó. Kí ló tún kù tó lè ṣe? Ó yìn ín. Ọta wẹ́wẹ́ lára ẹfọ̀n dà bí ẹni da iyanrìn sára ògiri. Ẹfọ̀n kàn án mọ́ igi, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ ìbọn náà títí tó fi wọ́.

Bàbá Ògúntóṣìn, alágbẹ̀dẹ Ìdí-Apá, ló fi iná tọ́ ọ̀pá ìbọn náà padà. Ó tọ́. Ojú kò mọ̀ pé ó wọ́ rí. Ṣùgbọ́n irin tó bá ti wọ́ rí kì í gbàgbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Láti ìgbà yẹn ni Ọdẹ́níran ti di ọdẹ tó ń bẹ̀rù. N kò sọ pé ó jókòó sílé o. Ó ń lọ sígbó, ṣùgbọ́n bó bá rìn díẹ̀, á dúró. Bí ewé bá mì, á ní, "Dúró ná." Bí ẹnìkan bá ń bá a sọ̀rọ̀, á ní, "Dúró ná." Ìgbà tó yá, wọ́n fi ṣe orúkọ fún un. Àwọn ọ̀dọ́ á rí i tó ń bọ̀, wọ́n á ní, "Ọdẹ Dúró-ná, ẹ kú ìrìn o! Ṣé ẹran dúró?" Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á kọjá lọ. Ó ti tó ogójì ọdún ó lé, ẹni tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ kì í tìtorí yẹ̀yẹ́ sáré mọ́.

Ó yẹ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń yan ọta ní Ìdí-Apá, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Igbá mẹ́ta ni Bàbá Ògúntóṣìn gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹwìrì rẹ̀. Àfọ́kù ìkòkò irin tó ti fọ́ wẹ́wẹ́ ló wà nínú àkọ́kọ́, fún ọ̀yà àti ehoro. Ọta òjé ló wà nínú èkejì, tó rí bí hóró ẹ̀pà. Mẹ́ta rẹ̀ ni wọ́n ń kó sínú ìbọn lẹ́ẹ̀kan, fún àgbọ̀nrín. Ọta irin ló wà nínú ẹ̀kẹta, ẹyọ kan tó tóbi tó èkùrọ́, tó máa ń kún ẹnu ìbọn fọ́fọ́. Ti ẹfọ̀n nìyẹn. Àwọn ọdẹ Ìdí-Apá kì í dárúkọ ẹran nílé àgbẹ̀dẹ. Wọ́n gbà pé ẹran létí, pé bí a bá dárúkọ rẹ̀ lẹ́bàá iná, á gbọ́, á sì kó lọ. Nítorí náà, ohun tí ọdẹ máa ń ṣe ni pé á ṣẹ́ igi eèsún kan, á fi wọn ojú ẹsẹ̀ ẹran nínú igbó, á gé e síbi tí ẹsẹ̀ náà pin sí, á sì gbé e síwájú alágbẹ̀dẹ láìsọ nǹkan kan. Alágbẹ̀dẹ á wo gígùn eèsún, á na ọwọ́ sínú igbá tó yẹ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó dára, ó sì ti pẹ́. Kò sẹ́ni tó rò pé eèsún lè ṣini lọ́nà.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, òjò rọ̀ gan-an. Àgbàdo gbó lókè odò, ó dúró de àwọn tó máa ya á. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn obìnrin dé etí odò pẹ̀lú agbọ̀n, wọ́n rí ojú ẹsẹ̀ kan nínú ẹrẹ̀. Agbọ̀n bọ́ lórí ẹnìkan. Wọ́n yí padà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Akínlabí. Pàkúté ló ń dẹ, kò níbọn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń dún ju ìbọn lọ. Òun ló gboyà sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí ẹsẹ̀ náà. Ó ṣẹ́ eèsún, ó wọ̀n ọ́n, ó sì sáré gòkè pẹ̀lú eèsún lọ́wọ́. Ó gùn tó ìbú àwo ọbẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ tó dé iwájú ilé Baálẹ̀, ẹran náà ti hùwo. Kí oòrùn tó mú, ó ti mí gbígbóná sí ẹ̀yìn ọrùn ẹnìkan. Ẹni tó mí sí náà kò tíì kúrò nílé lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù ṣe máa ń rí nìyẹn, n kò lè bá wọn wí. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Ẹfọ̀n. Èyí tó pa bàbá Ọdẹ́níran, tàbí ọmọ rẹ̀, ló padà wá.

Wọn kò la odò mọ́. Àgbàdo ń gbẹ lórí ìdúró, ọ̀bọ ń ya á jẹ. Nílé, wọ́n ń ha ìyẹ̀fun tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò. Abúlé tó tún ní ọdẹ wà lókè odò náà. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó lọ síbẹ̀ gba inú ẹrẹ̀ yẹn. Baálẹ̀ wá ránṣẹ́ pe Ọdẹ́níran.

Baálẹ̀ ní, "Ọdẹ́níran, o ti gbọ́."

"Mo gbọ́, Baálẹ̀."

"Ìwọ nìkan lo níbọn. N kò lè sọ fún ọ pé má bẹ̀rù. Èmi náà ń bẹ̀rù, inú ilé ni mo sì wà. Ṣùgbọ́n bí a kò bá débi àgbàdo yẹn, àwọn ọmọdé ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára."

Ọdẹ́níran wolẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ rí Bàbá Ògúntóṣìn ná."

Wọ́n tẹ̀ lé e dé ilé àgbẹ̀dẹ. Akínlabí gbé eèsún rẹ̀ fún un, Ọdẹ́níran sì gbé e sórí òkúta tí bàbá náà ń lu irin lé, kò sọ̀rọ̀, bí àṣà ṣe wí. Bàbá Ògúntóṣìn wo eèsún. Ó na ọwọ́ sínú igbá kẹta, ó mú ọta irin ńlá kan. Ọwọ́ rẹ̀ wá dúró lókè.

"Ṣé ìbọn bàbá rẹ náà ni?"

"Òun ni, Bàbá."

"Mo tọ́ ọ. N kò tún un bí." Bàbá náà fi èékánná tẹ ọ̀pá ìbọn níbi tó ti wọ́ rí. "Ọta yìí wúwo. Ẹ̀tù ìbọn tó kún ìdérí mẹ́ta ló ń gbé e. Ìbọn yìí lè gbà á. Ó sì lè là. Bó bá là, ojú rẹ ló máa là sí."

Ọdẹ́níran béèrè pé, "Bí mo bá wá lo ọta ńlá yìí, tí mo fi ìdérí ẹ̀tù kan péré sí i ńkọ́?"

"Á jáde lọ bá a bí ẹni fẹ́ kí i kú àárọ̀."

Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ẹ wo ibi tí ọkùnrin yìí há sí. Bó bá ki ọta ńlá, ìbọn lè pa á. Bó bá ki ọta kékeré, ẹran lè pa á, bó ṣe pa bàbá rẹ̀. Kò sì sí ọ̀rọ̀ pé kó ki ọ̀kan, bí kò bá bá a mu kó tú u jáde. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ṣakabùlà mọ̀ pé ohun tí a bá ti gún mọ́lẹ̀ sínú rẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń gbà jáde.

Akínlabí kò lè mú un mọ́ra. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba ọta, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ yìí rójú. Àbí 'dúró ná' lẹ fẹ́ fi pa á?"

Eèsún ni Ọdẹ́níran ń wò. Ó mú un, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ẹrẹ̀ gbígbẹ ti lẹ̀ mọ́ orí rẹ̀ méjèèjì.

"Akínlabí, níbo lo ti wọn èyí?"

"Etí odò. Ibi tí gbogbo ayé ti rí i."

"Nínú ẹrẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, níbo ni ẹran ti ń mu omi? Lórí ẹní ni?"

"Nígbà tó jáde kúrò nínú ẹrẹ̀ ńkọ́? Ibo ló gbà? Ta ló rí ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti le?"

Akínlabí ní, "Ta ló fẹ́ tẹ̀ lé e débẹ̀?"

Ìró ẹwìrì nìkan ló kù.

"Èmi ni," Ọdẹ́níran wí. Ó wo ẹ̀yìn, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́.

Ó ní kí bàbá náà fún òun ní ọta méjèèjì. Ó fi ọta irin ńlá sínú àpò òsì, ó fi ọta òjé mẹ́ta sínú àpò ọ̀tún. Kò ki nǹkan kan sínú ìbọn. Ó gbé e lé èjìká lófìfo.

Èyí ni mo ṣe ń yìn ín. Mo ti ro ó lọ ro ó bọ̀. Mo mọ̀ pé akin pọ̀ tó lè fi ìbọn tó kún lọ bá ẹfọ̀n. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tó wá gbé ìbọn òfìfo lọ wo ẹsẹ̀ lásán, n kò mọ orúkọ tí à ń pe irú ìyẹn.

Ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà odò. Ó wo ẹnu ìbọn, ó wo ojú ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ọmọ́tádé, afẹ́fẹ́ ló wà nínú ìbọn yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ má ṣe èyí sí mi. Ọta kékeré ló pa bàbá yín. Ẹ ki ńlá sí i. Kó là, kó má là, ẹ ki ńlá."

Ó dúró. Ó ní, "Àwẹ̀ró, kì í ṣe kíkéré ọta ló pa á. Ó ti ki ọta mọ́lẹ̀ kó tó mọ ẹni tó máa bá pàdé ni."

"Bó bá wá jẹ́ òun gan-an lẹ bá níbẹ̀ ńkọ́?"

"Màá sá. Ẹsẹ̀ mi kò lọ́ta, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà ilé."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin náà kó tó mọ̀, omijé sì tẹ̀ lé e. Ó so okùn àpò ọkọ rẹ̀ le. Ó yà fún un lọ́nà.

Nígbà tí Ọdẹ́níran dé etí odò, ó rí ẹsẹ̀ náà. Wọn kò purọ́, ó tóbi. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ààyè tún kù. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó fi ìdí ìbọn tilẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ti lóṣòó yẹn, ojú rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Ó rí i pé etí ojú ẹsẹ̀ náà ti wó, ó ti ya sínú. Omi ti ń jẹ ẹ́ láti àná. Ó rí ibi tí ẹsẹ̀ ti yọ̀ kó tó dúró. Bí ó ṣe ń wò, kò mọ̀ mọ́ bóyá ẹran ló ń wò tàbí ẹrẹ̀.

Ó la odò kọjá, omi dé àyà. Ó tẹ̀ lé ipasẹ̀ náà láàárín koríko, ìṣísẹ̀ kan, kó dúró. Ìṣísẹ̀ kan, kó dúró. Lẹ́yìn koríko, ilẹ̀ gòkè, ó di yangí pupa tó le bí àpáta. Lórí yangí, ẹsẹ̀ pòórá. Ẹlòmíràn ì bá padà. Ọdẹ́níran dojú bolẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ilẹ̀, ó ń wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń ba erùpẹ̀. Ó ń rá pálá bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tó pẹ́, ó rí i níbi tí eruku tín-ínrín gbé bo yangí: ojú ẹsẹ̀ méjì ṣóńṣó, tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn bí awẹ́ obì.

Ó ṣẹ́ eèsún tuntun, ó wọ̀n ọ́n. Ó mú eèsún Akínlabí jáde, ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tuntun kò tó ìdajì ti Akínlabí.

Kò gbà á gbọ́ síbẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù kì í tètè gba ìròyìn ayọ̀ gbọ́. Ó tún rá síwájú, ó rí ìgbẹ́ ẹran, ó rí wóróbó-wóróbó bí ẹ̀wà. Ti ẹfọ̀n máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí ti màlúù. Ó rí igi kékeré kan tí ẹran ti fi ìwo ha èèpo rẹ̀, ibi tó ha náà kò ga ju ìdí rẹ̀ lọ. Nígbà náà ló tó jókòó. Ó da ìdérí ẹ̀tù kan sínú ìbọn, ó fi àkísà dí i. Ó kó ọta òjé mẹ́ta tẹ̀ lé e, ó tún fi àkísà dí i. Ó fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ọ̀pá yọ nígbà tí igbó iwájú rẹ̀ gbó.

Mo ní igbó gbó, nítorí bó ṣe rí létí rẹ̀ nìyẹn: ohùn ńlá, bí ti ajá tó tóbi ju ajá lọ. Ìtàkùn ń já, igi ń mì. Kò jọ ohùn ẹran kékeré. Ẹ̀rù gbá a láyà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti wà nínú àpò òsì kó tó mọ̀, ó ti di ọta irin ńlá mú. Ó kù kó tì í sẹ́nu ìbọn, lé orí ọta òjé, kó sì yìn wọ́n pọ̀. Ẹ̀yin ọdẹ tí ẹ ń kà á, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹni tó bá ki ọta méjì lé ara wọn sínú irin tó ti wọ́ rí, kì í ṣe ẹran ló fẹ́ pa.

Ó wo igbó. Ó wo ilẹ̀. Awẹ́ obì méjì náà wà níbẹ̀ lórí eruku.

Wọ́n ní ó sọ ọ́ sókè, bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀: "Ilẹ̀ líle ni mo bi." Ó ju ọta irin sílẹ̀ sínú àpò. Ó gbé ìbọn sójú.

Nílé, wọ́n gbọ́ ìró kan láti òkè odò. Bàbá Ògúntóṣìn gbé orí sókè. "Ìdérí ẹ̀tù kan nìyẹn," ó wí.

Àwẹ̀ró wà nítòsí. Ó kígbe, "Ọta kékeré ló yìn! Bíi ti bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́! Yéè, Ọdẹ́níran!" Kì í dárúkọ ọkọ rẹ̀, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀. Ó sáré lọ sí odò, abúlé rọ́ tẹ̀ lé e, pẹ̀lú àdá, pẹ̀lú ọmọrí odó, pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Àwọn tí kò lè wọ ẹrẹ̀ yẹn nítorí oúnjẹ, wọ́n wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n dúró nínú rẹ̀ dé ojúgun, wọ́n ń wo òkè. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Àwẹ̀ró ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú omi.

Lẹ́yìn náà ni koríko là. Ọdẹ́níran yọ. Ó rọra ń bọ̀, ó ń dúró, ó ń bọ̀. Akọ àgbọ̀nrín pupa kan, èyí tó gbó bí ajá nínú igbó, ló gbé kọ́rùn, tòun ti àmì funfun lára rẹ̀.

Ó dé òdìkejì. Àwẹ̀ró fọwọ́ kan ojú rẹ̀, ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀, bí ẹni ń wá ibi tó ti fọ́. Akínlabí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n èyí kọ́. Ẹran inú ẹrẹ̀ kọ́ lèyí. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kò ju èyí lọ! Ẹni ẹlẹ́ni tó ń sá fún ẹfọ̀n lẹ lọ pa."

Ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ti ń padà gòkè. Bàbá Ògúntóṣìn ní kí wọ́n dúró. Ó di ẹsẹ̀ iwájú àgbọ̀nrín náà mú, ó tẹ̀ ẹ́ bọ ẹrẹ̀, ó jẹ́ kó yọ̀ bí ẹran tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ mu omi. Pátákò méjèèjì là fẹ̀. Ó fà á yọ, ó sì tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bọ ojú kan náà, bí ẹran ṣe máa ń rìn. Ó fà á yọ. Ó bu omi lé e, gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wo bí etí rẹ̀ ṣe ń wó. Ó wá gba eèsún Akínlabí lọ́wọ́ Ọdẹ́níran, ó gbé e lé e.

Ó kù fín-ín kó bá a mu.

Akínlabí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè rí i dáadáa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó wọlé dé orúnkún, ó fà á, ó tún yọ̀. Nígbà tó rí i fà yọ, ihò tó fi sílẹ̀ tó agbada. Obìnrin kan láti ẹ̀yìn ké pé, "Ẹ gbà wá o! Òmìrán ti wọ Ìdí-Apá! Ẹ pe Bàbá àgbẹ̀dẹ, kó gbé igbá kẹrin wá!"

Bí ẹ̀rín ṣe bú nìyẹn. Akínlabí náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ihò, kò mọ̀gbà tó rẹ́rìn-ín. Ọmọ ilé ire ni, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ọdẹ́níran nínú ẹrẹ̀ náà níbẹ̀.

Àwẹ̀ró nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ojú ẹsẹ̀ tó ti lé wọn kúrò nídìí oúnjẹ ló ń wò. Ó mi orí, ó ní, "Áà. Ẹsẹ̀ inú ẹrẹ̀ tóbi ju ẹran lọ."

Ọkọ rẹ̀ sì fèsì jẹ́jẹ́, "Orí ilẹ̀ líle ni ká ti lọ wò ó."

Lọ́jọ́ kejì, agbọ̀n ti padà sórí àwọn obìnrin, wọ́n ń la odò. Ọdẹ́níran lọ dá ọta irin ńlá padà sínú igbá kẹta. Bàbá Ògúntóṣìn bi í bóyá kó yọ igbá náà kúrò nílẹ̀. Ó ní, "Rárá, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó wà. Òun náà ń bọ̀ lọ́jọ́ kan." Wọn kò sì pè é ní Ọdẹ Dúró-ná láti fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Orúkọ náà kò kúrò lára rẹ̀, àwọn ìyá ló wá ń fi pe ọmọ wọn tó bá ní sùúrù.

Ìdí òwe náà nìyẹn. Bí ẹnìkan bá sáré dé pé òun gbọ́ pé àna òun bú òun, tó ti ń wá kùmọ̀, bí ara ọmọ bá gbóná lówùúrọ̀, tí wọ́n sì ti sọ orúkọ àrùn tó máa pa á kó tó di ọ̀sán, bí ìlú bá gbọ́ pé ìlú kejì ń pọ́n àdá, tí kò sì sẹ́ni tó débẹ̀: nígbà náà làwọn àgbà máa ń ní, "Ẹsẹ̀ inú ẹrẹ̀ tóbi ju ẹran lọ." Wọn kì í pa á láti fi ṣẹ̀sín ẹni tó ń bẹ̀rù. Wọn kò sì sọ pé ẹfọ̀n kò sí. Bàbá Ọdẹ́níran mọ̀ pé ó wà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí ìbọn ṣì wà lófìfo ná. Bí ẹ bá tún gbọ́ òwe náà, ẹ má jẹ́ kó dúró sí ìdajì. Ẹ bá wọn parí rẹ̀: orí ilẹ̀ líle ni ká ti lọ wò ó. Ẹsẹ̀ ẹni lè máa gbọ̀n bó ti ń lọ. Ti Ọdẹ́níran gbọ̀n, ó sì débẹ̀.